Láti Eérú Èèpo Kòkó sí Bàíódísù: Iṣẹ́ Katalíìsì fún Ọ̀mọ̀wé Tuntun

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́míkà tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà la kọ orí yìí fún, pàápàá ẹni tó fẹ́ máa bá ìwádìí rẹ̀ lọ ní agbègbè Ayégbajú, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé kó tó rí ibi tí wọ́n á gbà á sí lókè òkun, tàbí ẹni tó ti òkè òkun dé tí kò fẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni pé ká sun èèpo kòkó di eérú, ká fi eérú náà ṣe katalíìsì, ìyẹn nǹkan tí ń mú kí kẹ́míkà méjì tètè ṣiṣẹ́ lára ara wọn láìjẹ́ pé òun alára run sínú iṣẹ́ náà, ká sì fi í sọ òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà di epo tí ẹ́ńjìnnì dísù lè lò.

Àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ agbára eérú yìí tipẹ́. Potassium inú rẹ̀ ló ń bá wọn sọ àdín di ọṣẹ. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, Eriola Betiku àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde ní 2014 lórí eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti òróró olómi-òjò; ní 2017, wọ́n gbé òmíràn jáde lórí eérú èèpo kòkó àti òróró dóńgóyárò. Nítorí náà, bí gbogbo ohun tí ẹ ní láti sọ bá jẹ́ pé eérú kòkó lè ṣe bàíódísù, ẹ ti pẹ́ dé. Ibi tí iṣẹ́ ṣì kù sí ni bí eérú náà ṣe ń dúró tó: ṣé ó wà níbẹ̀ bí a ṣe dà á sí, àbí ó ń yọ́ lọ sínú epo? Ẹ̀ẹ̀melòó la lè lò ó kó tó kú? Ìyẹn ni orí yìí fẹ́ mú yín débẹ̀.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Eérú kan náà ni, òróró kan náà ni. Omi àti ìkan òróró ló ń pinnu bóyá ọṣẹ ni yóò dà tàbí epo. Ìdajì nínú àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ogun omi ni a ń jà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Fún iṣẹ́ oko: àpò bíi mélòó kan, ọ̀bẹ tó mú, tapólì tí ẹ máa sá èèpo lé, àti irin pẹrẹsẹ tó nípọn tàbí ìkòkò irin tí ẹ máa sun ún nínú rẹ̀. Ẹ má fi páànù òrùlé ṣe é. Síǹkì tí wọ́n fi bo páànù máa ń rú èéfín tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró bó bá gbóná gan-an, ó sì máa ń wọ inú eérú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ ó wá máa wò ó pé níbo ni síǹkì tó wà nínú àbájáde àyẹ̀wò ti wá.

Fún yàrá ìwádìí: muffle furnace tó lè dé 900 °C, crucible tó lómorí, ofun tí a fi ń gbẹ nǹkan, odó kékeré, ajọ̀ tí ihò rẹ̀ kò ju 125 máíkírọ̀n lọ, desiccator tí silica gel inú rẹ̀ kò tíì rẹ̀, òṣùwọ̀n tó ń ka ìwọ̀n gírámù dé ìdá ẹgbẹ̀rún, hot plate tó ní magnetic stirrer, flask ẹlẹ́nu mẹ́ta ti 250 mL, condenser, tamómítà, separating funnel, burette. Ẹ kò lè ṣe é láìsí fume hood tí fáànù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ẹ mú bébà fẹ́lẹ́ kan dání síwájú rẹ̀. Bí kò bá fà á wọlé, àpótí lásán ni.

Kẹ́míkà tí ẹ máa rà kò pọ̀: methanol, sulphuric acid, potassium hydroxide 0.1 M, isopropanol, phenolphthalein, omi distilled. Fún ara yín, ẹ wá ìbọ̀wọ́ nitrile, awò tó bo ojú pátápátá, kóòtù yàrá ìwádìí, ìbomú fún ìgbà tí ẹ bá ń lọ eérú, garawa iyanrìn kan, àti ohun èlò ìpaná oníyẹ̀fun.

Ìkọ̀lé ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011. Bí ẹ kò bá ní furnace tiyín, ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ kí tẹkinọ́lọ́jíìsì tó ń ṣọ́ yàrá ìwádìí náà. Òun ló ní kọ́kọ́rọ́, òun ló sì mọ̀ bóyá furnace tó wà nílẹ̀ ń gbóná ní tòótọ́ tàbí nọ́ńbà ojú rẹ̀ nìkan ló ń gòkè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: èèpo

Láti October sí January ni kòkó máa ń pọ̀ jù lóko. Ìgbà yẹn ni kí ẹ kó èèpo. Fún tọ́ọ̀nù kòkó gbígbẹ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù èèpo tútù mẹ́wàá ló ń ṣẹ́ kù sóko. Òkìtì rẹ̀ níbẹ̀ náà sì ń gba àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú sílé, nítorí náà inú àgbẹ̀ á dùn pé ẹ bá òun kó o. Síbẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó kó o, torí ó lè ti ṣèlérí rẹ̀ fún ìyá ọlọ́ṣẹ kan.

Ẹ tún bi í pé: "Bàbá, ìgbà wo lẹ fín oògùn gbẹ̀yìn, irú oògùn wo sì ni?" Púpọ̀ nínú oògùn àrùn dúdú ní bàbà nínú. Bàbà kì í jóná. Inú eérú ló máa wà, ó sì lè ṣe iṣẹ́ katalíìsì tiẹ̀ tàbí kó da iṣẹ́ tiyín rú. Ẹ kọ èsì bàbá náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín pẹ̀lú déètì. Mi ò rí ìdí tí ẹnì kan á fi ná owó ńlá lórí àyẹ̀wò XRD nígbà tí kò mọ oko tí èèpo rẹ̀ ti wá.

Ẹ fọ èèpo dáadáa títí iyanrìn á fi tán lára rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a lórí tapólì nínú ọgbà. Ẹ má sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà níbi tí wọ́n ń sá láfún sí, nítorí eruku táyà àti epo mọ́tò. Ó gbẹ tó nígbà tí ó bá ń dún pà bí ẹ ṣe ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ fi ofun 110 °C parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: sísun

Ẹ̀ẹ̀mejì la ń sun ún. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ní gbangba lórí irin, kí èéfín púpọ̀ lè lọ kó tó wọ furnace. Ẹ ṣe é lórí ilẹ̀ tí ẹ ti ro koríko rẹ̀ kúrò, ní òwúrọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dìde, kí omi wà nítòsí. Nígbà ọyẹ́, iná kékeré lè jó oko kòkó odidi ìdílé kan. Bí afẹ́fẹ́ bá le lọ́jọ́ náà, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó máa kù yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n èèpo gbígbẹ, yóò sì ṣì dúdú.

Èkejì ni ti furnace: 700 °C fún wákàtí 4. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, èédú máa kù nínú eérú, yóò sì bo ojú ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ewu mìíràn ni: potassium carbonate, èyí tó pọ̀ jù nínú eérú yìí, máa ń yọ́ ní 891 °C. Bí ẹ bá sún mọ́ ibẹ̀, eérú máa dì gbagidi mọ́ crucible, àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀ á dí. Eérú tó dára ní àwọ̀ eérú funfun, kò ní èérún dúdú kankan, bí ẹ bá fi ìka inú ìbọ̀wọ́ tó tutù kàn án, yóò máa yọ̀. Ẹ má fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Yóò bó o.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló wà níbẹ̀ jù. BEDC ló ń pín iná fún Èkìtì, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ibẹ̀ sì mọ̀ pé wákàtí 4 láìdáwọ́ dúró kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé furnace tó ń fa kílówáàtì 2 tàbí 3. Bí iná bá lọ nígbà tó ku wákàtí méjì, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn furnace, ẹ kọ aago tí ó lọ àti ìwọ̀n gbígbóná tó wà lójú rẹ̀. Bí iná bá padà, ẹ lè parí rẹ̀, ṣùgbọ́n eérú yẹn gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ inú tábìlì kan náà pẹ̀lú èyí tó jókòó wákàtí 4 lórí ìjókòó kan. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé tí wákàtí inú wọn gún régé ju bí iná ṣe ń dúró lọ.

Ẹ jẹ́ kó tutù dé nǹkan bíi 150 °C kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì gbé e tààrà sínú desiccator. Eérú yìí ń fa omi àti carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́. Ní àsìkò òjò, èyí tí ẹ gbàgbé sórí tábìlì lálẹ́ á ti rin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ ọ́ kíákíá, ẹ pín in sínú ìgò kéékèèké tí ẹ ó máa ṣí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, dípò ìgò ńlá kan tí gbogbo ènìyàn á máa ṣí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo òróró kí ẹ tó fọwọ́ kan methanol

Òróró tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ àwọn alákàrà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ti gbóná lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní omi, ó ní èérún ẹ̀wà, ó sì ti kan. Ìkan yìí, tí àwa ń pè ní free fatty acid, ló máa bá eérú ṣe ọṣẹ. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sórí iná dé 110 °C títí kò fi ní ta pàrà mọ́, kí awò wà lójú yín nígbà náà.

Ẹ wọn gírámù 5 rẹ̀ sínú 50 mL isopropanol tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kán phenolphthalein díẹ̀ sí i, ẹ sì máa fi burette kán potassium hydroxide 0.1 M sí i títí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú á fi dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ fi 1.12 sọ iye mL tí ẹ lò di púpọ̀. Ohun tí ẹ rí ni acid value. Bí kò bá ju 2 lọ, ẹ máa lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí ó bá jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí pẹ̀lú epo pupa ọjà wa, ẹ kọ́kọ́ fi ásíìdì tọ́jú rẹ̀: fún òróró gírámù 100, ẹ rọra kán gírámù 1 sulphuric acid sínú 43 mL methanol. Ásíìdì ló ń wọ inú methanol, kì í ṣe methanol ló ń wọ inú ásíìdì. Ẹ dà á mọ́ òróró, 60 °C, wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ásíìdì kúrò pátápátá, ẹ gbẹ omi náà lára rẹ̀, ẹ sì wọn acid value lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá fo fífọ̀ yìí ń fi ásíìdì pa katalíìsì ara rẹ̀. Yóò sì wá sọ pé eérú kòkó Èkìtì kò lágbára.

Methanol

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ní oṣù April 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì: orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́mìí mì. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀, láti inú ògógóró. Ó ju ènìyàn 15 lọ tó bá a lọ.

Nǹkan bíi 10 mL lè fọ́ ojú ènìyàn. Nǹkan bíi 30 mL lè pa á. Ó ń gba ara wọlé, ó ń gba imú wọlé, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọtí tó bẹ́ẹ̀ tí aláìmọ̀ lè gbé e mu. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ wọ ìgò omi tí wọ́n ti mu tán, kì báà ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Inú ìgò tó bá a wá ni kó wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára ní Yorùbá, torí ẹni tó ń bá yín gbálẹ̀ lè má ka ohun tí iléeṣẹ́ kọ. Ohun mìíràn tó burú nínú rẹ̀ ni pé iná rẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán. Ó lè ti máa jó lórí tábìlì kí ẹ má rí i títí yóò fi mú aṣọ. Kò sí sítóòfù, kò sí gáàsì, kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí ibi tí a ti ń lò ó.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì dúró wò ó bóyá ara rẹ̀ á yá: àìsàn náà lè má yọjú títí wákàtí 12 tàbí 24 á fi kọjá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Federal Teaching Hospital tó wà ní Ìdó-Èkìtì kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Ẹ sọ fún dókítà láti ẹnu ọ̀nà pé methanol ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìpapọ̀

Ẹ da gírámù 3 eérú sínú 43 mL methanol, ìyẹn gírámù 34, nínú flask tó gbẹ táútáú, ẹ jẹ́ kí stirrer rò ó fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ da gírámù 100 òróró tó ti gbóná dé 60 °C lé e lórí. Kí condenser wà lórí, kí omi tútù máa ṣàn nínú rẹ̀, kí orí rẹ̀ sì ṣí sí afẹ́fẹ́. Ẹ má dí flask náà pa. Methanol máa ń hó ní 64.7 °C, flask tí a dí pa tó sì gbóná ju ibẹ̀ lọ lè bú. Ẹ gbé e sínú omi gbígbóná tó wà lórí hot plate, ẹ mú un dúró sí 60 °C fún wákàtí 2.

Ìwọ̀n methanol yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí iṣẹ́ náà nílò lórí ìwé. A fi àfikún sí i kí iṣẹ́ má bàa padà sẹ́yìn. Ẹ má tún fi kún un kọjá bẹ́ẹ̀, torí glycerol kò ní fẹ́ já bọ́ sísàlẹ̀ mọ́.

Ẹ sẹ́ eérú kúrò, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ da ìyókù sínú separating funnel di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, glycerol tó ṣókùnkùn ló máa wà nísàlẹ̀, bàíódísù aláwọ̀ ìyeyè ló máa wà lókè, kí ààlà wọn mọ́ gaara. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tó ki bí ògì láàárín wọn, ọṣẹ ni. Ẹ má gbìyànjú láti fi gbígbọ̀n tú u ká, yóò kàn máa ki sí i ni. Ẹ padà lọ wo òróró yín: ó ní omi, tàbí ó kan, tàbí eérú ti rin.

Ẹ fi condenser gba methanol tó ṣẹ́ kù lára epo náà, ẹ rọra fi omi distilled lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ. Ìgbà tí ẹ ṣe èyí tán nìkan ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n "98%" tí à ń rí, methanol àti omi wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò GC tó ń náni lówó, ẹ da 3 mL epo náà sínú 27 mL methanol nínú ibi tó tutù díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó jókòó. Bí òróró bá rì sísàlẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí, kò sì sí ìdí láti náwó lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé katalíìsì ni ní tòótọ́?

Níbí ni iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ti yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin. Ẹ tún ìpapọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n ní ìdajì wákàtí, ẹ sẹ́ gbogbo eérú kúrò nígbà tó ṣì gbóná, ẹ wọn ibi tí iṣẹ́ dé, ẹ sì jẹ́ kí ohun tó kù máa gbóná lọ láìsí eérú. Bí iṣẹ́ bá dúró síbi tó wà, katalíìsì líle lẹ ní. Bí ó bá ń tẹ̀síwájú, potassium tó ti yọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe eérú tí ẹ sẹ́. Púpọ̀ nínú eérú ohun ọ̀gbìn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Kì í ṣe ohun ìtìjú; ohun ìtìjú ni kí a má dán an wò ká sì kọ ọ́ pé kò yọ́.

Ẹ wọn potassium tó wà nínú epo náà pẹ̀lú. Òfin EN 14214 ti àwọn ará Yúróòpù kò gba ju 5 mg potassium àti sodium lápapọ̀ lọ nínú kílógírámù bàíódísù kan, torí ó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ òkè òkun fún èyí: flame photometer tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń wọn potassium inú erùpẹ̀ lè kà á, bí ẹ bá kọ́kọ́ sun epo náà di eérú tí ẹ sì fi ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yọ́ ọ. Ẹ̀ka ìmọ̀ àgbẹ̀ ni kí ẹ lọ bèèrè.

Fún àtúnlò, ẹ fi methanol fọ eérú tí ẹ sẹ́, ẹ gbẹ ẹ, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá a padà. Ẹ má fi eérú tuntun dí ohun tó dín kù. Ẹ ṣe èyí tí kò ní katalíìsì rárá pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ ohun tí iná nìkan lè ṣe. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láti inú eérú tí a sun lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Àwọn ọlọ́ṣẹ á bèèrè glycerol lọ́wọ́ yín. Ẹ má fún wọn títí ẹ ó fi fi condenser gba gbogbo methanol inú rẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ má fún wọn rárá. Eérú tó ti kú lè padà sóko lẹ́yìn tí methanol ti gbẹ lára rẹ̀ nínú fume hood, bí kò bá ní bàbà. Ẹ má dán bàíódísù yín wò nínú mọ́tò ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ń fi epo ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò, mìlílítà 10 nínú ìgò dúdú tó ní ìdérí tó le ti tó. Ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà eérú àti oko tí èèpo ti wá sí i lára pẹ̀lú bírò tí epo kò lè pa rẹ́. Methanol ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò èrò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e wá.